Iṣẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin: kí ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kọ́kọ́ kọ́?

Ọmọ_Píánò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àgbà orin. Mo ti gba Grade 5 lórí píánò, mo sì ń ka sol-fa láìṣòro. Mo fẹ́ fi dùùrù títẹ̀ àti akọrin dídarí ṣe iṣẹ́ òòjọ́, kì í ṣe ti ọjọ́ Àìkú nìkan. Kí ni kí n kọ́kọ́ kọ́? Ìwé ẹ̀rí wo ló wúlò ní Nàìjíríà níbí? Ọ̀nà wo ni owó ń gbà wọlé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u palẹ̀.

Ohùn_Kẹrin

Àbúrò, o káre. Hímù ni kí o kọ́kọ́ kọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kì í dá atẹdùùrù dúró torí pé kò lè tẹ fúùgù Bach, irú orin tí ohùn kan ń lé òmíràn. Ohun tí wọ́n fi ń dá a dúró ni pé ìjọ kò lè bá a kọrin. Kí o tó náwó lé ìwé orin ńlá kankan, mú hímù mẹ́wàá tí ìjọ ń kọ lemọ́lemọ́, kí o mọ̀ wọ́n débi pé bí ẹnì kan bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ létí, ọwọ́ rẹ kò ní ṣì.

Píánò tí o ti kọ́ yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ púpọ̀, àmọ́ ó níbi tí yóò ti dí ọ lọ́wọ́. Dùùrù kò ní pẹ́dà tó ń gbé ìró dúró bíi ti píánò: bí ìka bá ti kúrò lórí kọ́kọ́rọ́, ìró ti kú nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń pààrọ̀ ìka lórí kọ́kọ́rọ́ kan náà. Fi ìka kẹta tẹ̀ ẹ́, kí o fi ìka karùn-ún gba ipò rẹ̀ láìjẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ náà dìde, kí ìka kẹta lè ráyè lọ síbi tó kàn. Bákan náà, bí o fi agbára lu kọ́kọ́rọ́, bí o fi jẹ́jẹ́ tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan náà ni ìró rẹ̀ máa ń jáde. Bí o bá fẹ́ kí nóòtì kan yọ ju àwọn yòókù lọ, gé èyí tó ṣáájú rẹ̀ kúrú díẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ kékeré yẹn ni etí máa gbọ́ bí agbára.

Báyìí ni kí o ṣe kọ́ hímù olóhùn mẹ́rin. Fi ẹsẹ̀ tẹ báàsì nìkan, láìwo ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fi ọwọ́ òsì tẹ ténọ̀ pẹ̀lú báàsì lẹ́sẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Kó sópránò àti áltò sọ́wọ́ ọ̀tún pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì láìsí ẹsẹ̀ ló tẹ̀lé e, kí o tó wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Fi metronome, ẹ̀rọ tó ń ka bíìtì, sí 50, má sì kúrò níbẹ̀ àfi tí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra láìṣì. Máa wá sún un sókè díẹ̀díẹ̀ títí dé ìyára tí ìjọ máa fi kọ ọ́.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbẹ̀ ni pé ìka kékeré ọwọ́ òsì á fẹ́ bá ẹsẹ̀ tẹ báàsì, nítorí ohun tí píánò ti fi kọ́ ọ nìyẹn. Ténọ̀ á wá sọnù. Gbé ọwọ́ òsì lọ sórí àtẹ kejì, fa sítọ́ọ̀pù (ohun tí a ń fà láti yan irú ìró) fèrè 8 kan ṣoṣo síbẹ̀, kí o sì máa fi ẹnu kọ ténọ̀ náà jáde bí o ti ń tẹ̀ ẹ́. Etí rẹ á gbà á pé ohùn tó dá dúró ni, ọwọ́ á sì tẹ̀lé etí.

Bàtà náà ṣe pàtàkì. Rọ́bà máa ń lẹ̀ mọ́ pẹ́dà, ẹsẹ̀ kò ní lè yọ́ láti ibì kan sí òmíràn. Bàtà abẹ́ aláwọ tínrín ni kí o wá, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 3, kí etí rẹ̀ má yọ síta. Pẹ́dà 30 ló wà lára ọ̀pọ̀ dùùrù, láti C dé F. Àwọn mìíràn ní 32, tí wọ́n dé G. Ní ti àga, bí o bá jókòó, kí bàtà rẹ fara kan pẹ́dà láìtẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí ẹsẹ̀ bá ń fì lófuurufú, àga ti ga jù. Bí pẹ́dà bá ń dún láìjẹ́ pé o fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ti kéré jù.

Fèrè_8

Gbogbo ohun tí Ohùn_Kẹrin sọ ni mo fọwọ́ sí. Kí n fi bí a ṣe ń darí ìjọ láti orí àga dùùrù kún un.

Ìlà tí o máa kọ́kọ́ tẹ̀ fún wọn, ìyára tí wọ́n máa fi kọrin gan-an ni kí o fi tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ atẹdùùrù máa ń fà á ní ìparí kó lè dùn. Ìjọ á wá mú ìfà yẹn, wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kìíní, èèyàn kò sì ní lè gbé wọn kúrò níbẹ̀ mọ́ títí dé àmín.

Láàrin ẹsẹ kan sí òmíràn, jẹ́ kí kọ́ọ̀dù ìkẹyìn pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́, gbé ọwọ́, ka bíìtì kan, kí o wọlé. Bí o bá ka ẹyọ kan lẹ́yìn ẹsẹ kìíní, ẹyọ kan náà ni kí o kà lẹ́yìn gbogbo wọn. Kí ẹ tó dé ẹsẹ kẹta, ìjọ á ti mọ ìgbà tí wọ́n máa mí.

Kí ló dé tí ìjọ fi ń falẹ̀? Nítorí pé atẹdùùrù ń dúró dè wọ́n ni. Ìró máa ń rìn tó mítà 343 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó jókòó ní mítà 34 sí dùùrù gbọ́ ọ lẹ́yìn ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ohùn tirẹ̀ náà sì gba iye yẹn kó tó padà dé etí rẹ. Lójú rẹ, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fà sẹ́yìn. Bí o bá dúró dè wọ́n, àwọn náà á dúró dè ọ́. Ìka rẹ ni kí o tẹ̀lé, má tẹ̀lé ohun tí o ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Nóòtì tó bá tún ara rẹ̀ sọ nínú sópránò, gé e kedere kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kàn. Ti áltò àti ténọ̀, o lè so wọ́n pọ̀. Bí o bá gé gbogbo rẹ̀, orin á máa ta kọ́ń-kọ́ń. Bí o bá so gbogbo rẹ̀, ìjọ kò ní mọ ibi tí wọ́n wà.

Ní ti sítọ́ọ̀pù: èyí tí wọ́n kọ 8 sí ń dún gẹ́lẹ́ bí a ṣe kọ orin, 4 ga jù ú lọ ní ọ́kítéèfù kan, 2 ga jù ú ní méjì, 16 sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ́kítéèfù kan. Fún ìjọ tó kún, Diapason 8, Principal 4 àti Fifteenth 2 lórí Great (àtẹ ọwọ́ tó jẹ́ olórí), kí pẹ́dà ní 16 àti 8, kí o so Great mọ́ pẹ́dà. Ẹsẹ ìkẹyìn ni kí o fi Mixture kún un. Má fi 16 sí ọwọ́ nínú hímù, á mú kí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dàpọ̀ mọ́ra bí ẹrọ̀fọ̀. Pa Tremulant, torí ìró tó ń gbọ̀n kò jẹ́ kí ìjọ mọ ojú ohùn. Ka ọ̀rọ̀ orin náà ṣáájú: ẹsẹ tó bá sọ nípa ikú tàbí tó jẹ́ àdúrà, dín sítọ́ọ̀pù rẹ̀ kù, má sì dín ìyára rẹ̀ kù.

Ọ̀pá_Ìdarí

Ẹ ti ṣe dáadáa lórí dùùrù. Ọwọ́ tí kò tẹ nǹkan kan ni ìdajì iṣẹ́ tó kù.

Bíìtì tó ṣáájú bíìtì kìíní ló ṣe pàtàkì jù lọ́wọ́ adarí akọrin. Òun ló ń sọ ìyára, òun ló ń sọ bóyá orin á le tàbí á rọ̀, òun ló sì ń fún akọrin láyè láti mí. Mí pẹ̀lú wọn, lójú wọn. Bí wọ́n bá wọlé ní kọ́ńdú-kọ́ńdú, tí ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ tí ẹnì kejì kò tíì bẹ̀rẹ̀, má tíì bá wọn wí. Yẹ ọwọ́ tí o fún wọn wò ná. Ó máa ń jẹ́ pé ìmúrasílẹ̀ náà yára ju orin lọ, tàbí pé ọwọ́ náà dúró lókè kó tó wálẹ̀.

Orin oníbíìtì mẹ́rin: ọwọ́ ọ̀tún lọ sísàlẹ̀, sí òsì, sí ọ̀tún, sókè. Oníbíìtì mẹ́ta: sísàlẹ̀, sí ọ̀tún, sókè. Jẹ́ kí gbogbo bíìtì máa kàn ní ojú kan náà níwájú àyà. Bí ó bá ń kàn nísàlẹ̀ ìbàdí, àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní rí i. Má jẹ́ kí ọwọ́ òsì máa tún ohun tí ọ̀tún ń ṣe ṣe. Fi pamọ́ fún pípe ohùn tó fẹ́ wọlé, fún gbígbé ìró sókè àti mímú un wálẹ̀, àti fún gígé.

Bí ìdánrawò bá jẹ́ wákàtí méjì, báyìí ni mo ṣe máa ń dábàá rẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 fún títú ohùn: kíkùn pẹ̀lú ẹnu pípadé, láti àárín ohùn lọ sókè ní ìdajì-ìdajì ìgbésẹ̀, láìpariwo. Ìṣẹ́jú 30 fún orin tó le jù, nígbà tí orí ṣì tutù. Ìṣẹ́jú 30 kí ohùn kọ̀ọ̀kan lọ kọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìsinmi 10, ìṣẹ́jú 25 láti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí 15 tó kù jẹ́ ti hímù àti sáàmù ọjọ́ Àìkú. Má máa bẹ̀rẹ̀ láti òkè ojú ìwé kìíní ní gbogbo ìgbà. Akọrin á mọ ojú ìwé yẹn ju orúkọ wọn lọ, ojú ìwé tó parí orin á sì máa wó lójú ìjọ. Ojú ìwé ìkẹyìn ni kí o kọ́kọ́ kọ́ wọn, kí o máa padà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́ lódindi, ibi tó dá wọn lójú ni wọ́n ń rìn lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ohùn tó ń wálẹ̀, torí òun ló ń pa akọrin púpọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí F, kí wọ́n tó parí láìsí dùùrù, ó ti di E. Wo ibi mẹ́rin kan: *mi* àti *te*, tí wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ, nóòtì kan tó ń tún ara rẹ̀ sọ, orin tó ń sọ̀ kalẹ̀, tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gùn ju bó ṣe yẹ, àti ìparí gbólóhùn, níbi tí èémí ti tán. Fi fèrè 8 mú *doh* nìkan sílẹ̀ láìdẹ̀, kí wọ́n kọ ìlà náà lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí wọ́n gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń yà. Bí ó bá ṣì ń wálẹ̀, gbé orin náà sókè ní ìdajì ìgbésẹ̀, láti F sí G♭. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó máa ń dúró síbẹ̀, nítorí F máa ń bọ́ sí ojú ibi tí ohùn sópránò ti ń yí padà.

Fún akọrin 30, sópránò 10, áltò 7, ténọ̀ 6, báàsì 7 ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Má ti ẹni tí ohùn rẹ̀ kò dé G òkè sínú ténọ̀ torí pé ènìyàn kò tó. Á máa pariwo, ohùn rẹ̀ á sì bàjẹ́.

Áltò_Kejì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí àbúrò rò pé sol-fa jẹ́ ohun tí èèyàn á fi sílẹ̀ tó bá ti mọ staff, orin tí a kọ sórí ìlà márùn-ún. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, sol-fa ni wọ́n ń kà. Ọ̀gá akọrin tí kò lè kọ ọ́ dáadáa á máa fi ẹnu kọ́ wọn bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.

Kọ *Doh is E♭* sókè, kí gbogbo ohùn mọ ibi tí wọ́n dúró. Àmì méjì tó wà lórí ara wọn ( : ) ló ń pín bíìtì, ààmì ẹyọ kan ( . ) pín bíìtì sí méjì, ( , ) pín in sí mẹ́rin. Dáàṣì túmọ̀ sí pé nóòtì tó ṣáájú ṣì ń lọ. Àyè tó ṣófo túmọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́. Ibi tí àwọn tó ń kọ ọ́ máa ń ṣì nìyí: wọ́n á gbàgbé dáàṣì, akọrin á sì gé nóòtì tó yẹ kó gùn. *Fe* ni *fah* tí a gbé sókè, *ta* ni *te* tí a rẹ̀ sílẹ̀.

Bí orin bá kúrò ní C bọ́ sí G, wàá rí *s* kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ *d* ńlá. Ohun tó ń sọ ni pé nóòtì tó jẹ́ *soh* tẹ́lẹ̀ ti di *doh*. Níbí ni akọrin máa ń túká, tí àwọn kan á ṣì di *doh* àtijọ́ mú. Dá wọn dúró síbẹ̀, kí wọ́n kọ *soh*, kí wọ́n tún kọ *doh* lórí ojú ohùn kan náà láìgbé e, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Àwọn ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ó ṣe é, títí kan èyí tí kò ní nóòtì yẹn.

Ọmọ_Ifẹ̀

Áltò_Kejì sọ òótọ́, àmọ́ kò sí ìdánwò ABRSM tàbí ti Trinity, àwọn ilé ìdánwò orin ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí èèyàn fi sol-fa gbà. Méjèèjì ni kí o ní, àbúrò.

Níwọ̀n bí o ti ní Grade 5 lórí píánò, ohun tó kàn ni Grade 5 ti theory, bí o kò bá tíì ṣe é. ABRSM kò ní jẹ́ kí o jókòó fún Grade 6, 7 tàbí 8 láìsí i, àfi tí o bá ní èyí tí wọ́n gbà dípò rẹ̀. Máàkì 75 ni ti theory, 50 ni ìyege. Ti Practical Grade jẹ́ 150: orin mẹ́ta ní 30-30, scales 21, kíka orin lójú ẹsẹ̀ 21, etí gbígbọ́ 18. Ìyege jẹ́ 100, merit 120, distinction 130. Wo bí wọ́n ṣe pín in: scales, ìwé kíkà lójú ẹsẹ̀ àti etí jẹ́ 60 nínú 150. Àwọn tó fi gbogbo oṣù wọn kọ́ orin mẹ́ta nìkan ni ó máa ń já sí 98. Máa ka hímù tí o kò mọ̀ rí kan lójoojúmọ́, ní ìyára díẹ̀, láìdúró bí o bá ṣì. Ìdúró yẹn ni wọ́n ń gé máàkì fún, ó ju nóòtì tí kò tọ́ lọ.

Lẹ́yìn Grade 8, bí dùùrù bá jẹ́ ọ̀nà rẹ, Royal College of Organists ní Lọ́ndọ̀nù, tó ti wà láti 1864, ní ìwé ẹ̀rí mẹ́ta, láti ìsàlẹ̀ dé òkè: CRCO, ARCO àti FRCO. Orin nìkan kọ́ ni wọ́n ń dán wò. Wọ́n máa ní kí o yí hímù láti *doh* kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀, kí o ka score tó ní ọ̀pọ̀ ìlà, kí o hun orin jáde láìkọ ọ́ sílẹ̀. Fela Ṣówándé, atẹdùùrù àti olórin wa tó kọ orin sílẹ̀, gba FRCO ní 1943. Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí òun náà ń kọ orin sílẹ̀, gbà á pẹ̀lú; ó lọ ilé ẹ̀kọ́ orin Guildhall ní Lọ́ndọ̀nù láti 1957, ó sì lọ Yunifásítì Cambridge.

Nílé níbí, MUSON (ẹgbẹ́ olórin Nàìjíríà) ní ilé ẹ̀kọ́ orin tó ń fúnni ní díplọ́mà ní Oníkan, l'Ékòó. OAU ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka orin, Yunifásítì Ìbàdàn àti UNILAG náà ń kọ́ni. Bí o bá fẹ́ kọ́ni ní ilé ìwé ìjọba, dígírì tàbí NCE ni wọ́n máa bi ọ́ léèrè, kì í ṣe Grade 8.

Ohùn_Ilẹ̀_Wa

Ẹ̀yin ará, ó ku apá kan tí ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí láàrin Yorùbá kò lè fò. Ó máa kọ orin tirẹ̀ fún akọrin, tàbí kó tún ti ẹlòmíràn tò. Bí ìlà orin bá lòdì sí ohùn ọ̀rọ̀, ìjọ á kọ ohun tí kò nítumọ̀.

Mú *Olúwa*: àárín, òkè, àárín. Bí orin bá lọ *mi, soh, mi*, gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Bí *lú* bá bọ́ sísàlẹ̀, orúkọ náà ti sọnù. Ìṣòro àwọn hímù tí a túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì nìyí. Ìlà orin kan náà ló ń gbé ẹsẹ márùn-ún. Ó lè bá ẹsẹ kìíní mu, kó sì ba kejì jẹ́.

Bí o bá fẹ́ kọ tuntun, ka ọ̀rọ̀ náà sókè bí ẹni ń sọ ọ́ fún ènìyàn, kí o kọ òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ sórí sílébù kọ̀ọ̀kan kí o tó fọwọ́ kan dùùrù. Kò pọn dandan kí gbogbo òkè wà lórí nóòtì kan. Ohun tó pọn dandan ni pé láti sílébù kan sí èyí tó kàn, ibi tí ohùn ń lọ ni kí orin lọ. Ohùn tó bá jọra lè dúró lójú kan tàbí kó sún díẹ̀. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ni kí o kọ orin tirẹ̀ fún, kí ègbè nìkan máa padà wá.

Fúùgù lè ṣeé ṣe lédè wa, torí pé bí ohùn kejì bá mú ìlà náà ní karùn-ún lókè, ìtò òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò yí. Má dá a dojú dé, ká ní kí ìlà tó ń gòkè wá máa sọ̀ kalẹ̀: gbogbo òkè á di ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. T. K. E. Phillips, tó jẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀gá orin ní Cathedral Church of Christ, Marina, láti 1914 dé 1962, kọ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ṣówándé ti kọ́ dùùrù. Gba orin wọn, kí o kọ ohùn ọ̀rọ̀ sórí ìwé náà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, kí o wo ohun tí wọ́n ṣe níbi tí ohùn ìsàlẹ̀ méjì tẹ̀lé ara wọn.

Wáyà_àti_Páìpù

Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé dùùrù ń ṣàìsàn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó mọ ìwọ̀nba díẹ̀.

Dùùrù oníná: inverter tó ń fúnni ní iná pure sine wave ni kí ṣọ́ọ̀ṣì rà fún un, irú èyí tí owó rẹ̀ kéré máa ń mú kí sípíkà kùn. Tan dùùrù ṣáájú, kí o tan amplifier kẹ́yìn. Bí o bá ń pa á, amplifier ni kí o kọ́kọ́ pa. Bí o bá ṣe é lódìkejì, ìró *gbàù* yẹn ni yóò fọ́ sípíkà lọ́jọ́ kan. Ní ti transposer, ohun tó ń gbé ojú ohùn dùùrù sókè tàbí wálẹ̀, dá a padà sí òdo ní kété tí orin náà bá parí, kó má di pé ìjọ ń kọ hímù tó kàn ní ojú ohùn tí kò sí ẹni tó lè dé.

Dùùrù onípáìpù: bí ó bá ṣiṣẹ́ dáadáa lórí NEPA, tó wá di aláìlágbára lórí jẹnẹrétọ̀, ẹ yẹ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ ti phase mẹ́ta, tí wọ́n so wáyà jẹnẹrétọ̀ lódì, á máa yí sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ á sì kéré. Oníná á pààrọ̀ wáyà méjì péré, ó parí.

Ooru máa ń gbé ohùn páìpù sókè. Èyí tí wọ́n tún ṣe sí 440 Hz ní ìwọ̀n 20 Celsius á súnmọ́ 447 tí inú ṣọ́ọ̀ṣì bá di 30. Àwọn páìpù onírèéédì, tí ahọ́n irin tínrín ń gbọ̀n nínú wọn, kì í yí tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn ni wọ́n á máa dún bí ẹni tó ṣìnà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àwọn páìpù tó kù nítorí rẹ̀. Rèéédì ló rọrùn láti tún ṣe, tàbí kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bí páìpù kan ṣoṣo bá yadi, agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Nígbà ọyẹ́, igi máa ń gbẹ, ó sì lè sán. Nígbà òjò, kọ́kọ́rọ́ máa ń há. Ẹ má gbé píánò sẹ́bàá fèrèsé tàbí sábẹ́ éésì.

Akọ̀wé_Akọrin

Owó ni wọn kò tíì dáhùn, kí n gbà á.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo kì í sábà tó ẹni bọ́. Ẹni tó ń jẹun nínú iṣẹ́ yìí ń kó nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀: owó oṣù ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú, akẹ́kọ̀ọ́ aládàáni, ilé ìwé, àti títẹ píánò fún àwọn tó ń ṣe ìdánwò ohùn tàbí fáyólìn. Wo Ṣówándé fúnra rẹ̀: ní Lọ́ndọ̀nù, ó tẹ píánò jáàsì, ó tẹ dùùrù fún BBC, ó sì jẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin fún àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall. Ó padà wálé ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò, ó kọ́ni ní Ìbàdàn, ó sì tún kọ́ni ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti kú ní 1987. Kò sí èyí tó ka sí àbùkù nínú wọn.

Má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí lẹ́tà. Kí lẹ́tà náà sọ iye ìsìn lọ́sẹ̀, ọjọ́ ìdánrawò, bóyá ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní owó tiwọn lọ́tọ̀, ẹni tó ń sanwó àtúnṣe dùùrù, ìsinmi ọdọọdún àti ẹni tó máa dúró fún ọ nígbà yẹn. Kí ó sọ pẹ̀lú pé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn dùùrù wà lọ́wọ́ rẹ àti wákàtí tí o lè wá dánrawò. Ọ̀pọ̀ gbàgbé ti ìkẹyìn yìí, wọ́n sì wá rí i pé níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọn kò ráyè kọ́ nǹkan tuntun.

Fún ìgbéyàwó, gba ìdajì owó àti orúkọ gbogbo orin ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Lọ wo bí ọ̀nà àárín ṣọ́ọ̀ṣì ṣe gùn tó, kí o mọ ibi mẹ́ta nínú orin ìwọlé tí o ti lè parí láìjẹ́ kó dà bí ẹni tó já a. Ìyàwó lè tètè dé iwájú, ó sì lè dúró ya fọ́tò lójú ọ̀nà.

Ọmọ_Píánò

Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ténọ̀ lọ́wọ́ òsì pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ń bá sọ̀rọ̀ fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa tẹ dùùrù kó sì máa darí akọrin lẹ́ẹ̀kan náà. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ọ̀pá_Ìdarí

Lákọ̀ọ́kọ́, yan orin tó bá a mu. Èyí tí dùùrù ń ṣe ohun tí ohùn ń ṣe rọrùn. Èyí tí dùùrù ní iṣẹ́ tirẹ̀, wá igbákejì tó máa tẹ̀ ẹ́, kí ìwọ dúró níwájú wọn. Láàrin méjèèjì, fi orin tí kò nílò dùùrù rárá sí ètò lóṣooṣù, kí akọrin mọ́ ojú àti ọwọ́ rẹ lára.

Fèrè_8

Gbé dígí sókè ibi tí ìwé orin ń jókòó sí, tó fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà, kí o tẹ̀ ẹ́ síwájú títí wàá fi rí ẹnu ìlà ẹ̀yìn láìyí orí. Bí akọrin bá jìnnà sí dùùrù, kámẹ́rà àti ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré dára jù, bí kò bá sí ìdádúró láàrin àwòrán àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Pàtẹ́wọ́ kan níwájú kámẹ́rà kí o wò ó ná.

Orí ni kí o fi fún wọn ní bíìtì ìmúrasílẹ̀: gbé e sókè bí o ti ń mí, kí ó wálẹ̀ lórí bíìtì kìíní, kékeré, kedere. Ní gígé kọ́ọ̀dù ìkẹyìn, pín iṣẹ́ náà: ẹsẹ̀ ti mú báàsì, ọwọ́ ọ̀tún ti mú ohùn òkè, nítorí náà fi ténọ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún bí ó bá dé ibẹ̀, tàbí kí o fi í sílẹ̀ fún àwọn ténọ̀ fúnra wọn, kí o gbé ọwọ́ òsì sókè kọjá èjìká níbi tí wọ́n ti lè rí i, kí o sì gé e pẹ̀lú wọn. Dánrawò gígé yẹn nìkan pẹ̀lú akọrin fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, torí kọ́ńsónáǹtì tó bá parí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíi *t* tàbí *s*, gbọ́dọ̀ bọ́ lẹ́nu gbogbo wọn nígbà kan náà tí ìka rẹ kúrò lórí kọ́kọ́rọ́.